Erùpẹ̀ Kọkànlélógójì

Abọ́ pẹlẹbẹ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà nínú fíríìjì Dókítà Abọ́sẹ̀dé Fálúà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí Hassanat fi débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, inú báàfù ìfọṣọ ló ti bá wọn, tí wọ́n ń léfòó nínú bílíìṣì bí aṣọ funfun tí wọ́n rẹ. Òórùn náà ta á lójú kó tó wọlé tán.

"Wọ́n pa wọ́n," ni Dókítà wí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ sùn. "Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, Hassanat. Wọ́n pa gbogbo wọn."

Hassanat rọra kọjá lára rẹ̀ lọ sídìí báàfù náà. Ọdún mẹ́ta ti kọjá tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó ń ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tara rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n bí i sí, ó sì ti mọ̀ pé ẹni tí nǹkan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ kì í gbọ́ ìtùnú. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ìyá Ìbéèrè. Kò bínú sí orúkọ náà. Ẹni tó ní nǹkan láti fi pamọ́ ló yẹ kó bínú sí i.

Lábù náà kò ju yàrá méjì lọ, nínú bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé Dókítà ní Ire-Akari. Láti ìgbà tí ìyá yìí ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ fásitì ló ti ń tọrọ erùpẹ̀ kiri: lọ́wọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó bá ń lọ sílé l'Ékìtì àti Oǹdó fún Àjíǹde, lọ́wọ́ aládùúgbò, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní orí ìyá náà ti ń yí. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń wá, tó sì ń gbìn sínú àwọn abọ́ pẹlẹbẹ náà. Bakitéríà tó wà nínú ṣíbí erùpẹ̀ kan ṣoṣo pọ̀ ju èèyàn Èkó lọ, wọn kì í sì í gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀. Májèlé tí wọ́n fi ń bá ara wọn jà ni ọmọ aráyé ń yọ, tí wọ́n ń sọ di oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn.

Ìrètí, àbúrò rẹ̀, ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ lọ́dún karùn-ún sẹ́yìn, ọgbẹ́ rẹ̀ sì gba kòkòrò. Oògùn mẹ́fà ni wọ́n fún un, kòkòrò náà fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe oúnjẹ. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni Dókítà ti sọ pé òun àti kòkòrò yẹn, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni yóò kúrò láyé. Erùpẹ̀ kọkànlélógójì ló kọ́kọ́ ṣẹ́gun rẹ̀. Bakitéríà inú rẹ̀ hù funfun bí ẹfun lójú abọ́, gbogbo kòkòrò tó yí i ká sì kú. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan yóò jókòó láti yan iṣẹ́ tí wọ́n máa ràn lọ́wọ́ títí yóò fi di oògùn. Abọ́ yẹn ni Dókítà fẹ́ gbé síwájú wọn.

Hassanat wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn abọ́ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dojú wọn dé kó lè ka nọ́ńbà tí wọ́n fi máákà kọ sábẹ́ wọn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń kọ ọ́ sísàlẹ̀, mà?"

"Ìdérí lè ṣìpò. Ìsàlẹ̀ ni abọ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo wa nídìí iṣẹ́ yìí la mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó kà á tán, ó tún un kà. "Méjìlélọ́gọ́ta. Méjì ò sí níbẹ̀, kọkànlélógójì sì ni méjèèjì." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Wọn ò pa gbogbo wọn, mà. Wọ́n jí kọkànlélógójì, wọ́n wá pa ìyókù kẹ́ ẹ má baà ka ohun tó kù. Ẹni tó jí iṣu kan ló dáná sun abà. Onítọ̀hún sì mọ̀ pé ìsàlẹ̀ abọ́ ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí."

Ilẹ̀kùn kò já, fèrèsé kò ṣí. Kọ́kọ́rọ́ kejì tó máa ń wà lára ìṣó nítòsí ilé ìyàgbẹ́ ni wọn kò rí mọ́.

Mẹ́ígáàdì ẹnu géètì kò pẹ́ dáhùn. Ó ní òun rí Tiwaladé, ọmọbìnrin tó ń bá Dókítà ṣiṣẹ́, tó gbé kúlà kan jáde ní aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú, tó sì ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ojú Dókítà ṣú nígbà tó gbọ́. Hassanat ní kó fi òun àti ọmọbìnrin náà sílẹ̀.

"Kí ló wà nínú kúlà yẹn?"

"Ọbẹ̀ ẹja, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Èjìgbò."

"Ṣé ọbẹ̀ ẹja ló ń jẹ́ kó o máa wo ilẹ̀ báyìí?"

Tiwaladé gbé orí sókè. Ẹkún wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Yìnyín lábù ni mo fi dì í. Màmá ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé oúnjẹ ò gbọdọ̀ bá nǹkan àyẹ̀wò pàdé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú mi nítorí yìnyín, ẹ mú mi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbin ìdajì àwọn abọ́ yẹn. Ta ló ń gbin oko tán tó tún ń dáná sun ún?"

Hassanat wo bàtà rẹ̀ àti yẹ̀rì dúdú tí mẹ́ígáàdì ní ó wọ̀ lánàá, tó ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó da bílíìṣì tó tó yẹn sínú báàfù, kò lè ṣe kó má ta sí i láṣọ. Kò sí àmì funfun kankan. "Ta ló tún wọ lábù yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àfi Ọ̀jọ̀gbọ́n Kúdẹ̀fù tó wá kí Màmá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó tiẹ̀ yà sílé ìyàgbẹ́."

Dókítà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́. Ó wọlé, ó jókòó wọ̀ọ̀.

"Èmi fúnra mi ni mo fi hàn án," ló wí. "Ogún ọdún la fi jọ kọ́mọ ní fásitì kan náà. Mo gbé kọkànlélógójì fún un, mo ní kó gbóòórùn ẹ̀. Ó ń rùn bí ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ibi tí erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá sí fún un, ó kà á. Hassanat, ẹnu mi ló pa mí."

"Ẹnu yín ò gbé kọ́kọ́rọ́, mà."

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláńrewájú Kúdẹ̀fù, tó ní ilé iṣẹ́ oògùn ní Oṣòdì, ti kọ̀wé sí wọn pé òun ti rí bakitéríà kan nínú erùpẹ̀ Ìsọlọ̀. Ó ní Dókítà Fálúà ló jí àbájáde òun wò, kí wọ́n bi í léèrè. Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè kan ti fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá rà á, owó tí wọ́n máa dá lé e, aláboyún tó ń lọ sọ́sípítù ìjọba ò ní lè fojú kàn án láéláé. Dókítà ka lẹ́tà náà lórí ìdúró.

"Mo máa lọ síwájú wọn," ló wí. "Bí mi ò tiẹ̀ ní nǹkan kan lọ́wọ́, mo máa lọ."

"Ẹ ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Níbo ni erùpẹ̀ náà ti wá? Ẹ jẹ́ ká padà lọ bù ú."

Wọ́n ṣí ìwé náà. Tiwaladé ló kọ ọ́: *41. Ẹ̀yìn ilé Ìyá Sàláúdéènì, Ìsọlọ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.* Dókítà kò débẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà ni Tiwaladé ti gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ ìyá arúgbó, ó kọ ohun tó sọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé náà, símẹ́ǹtì tuntun ló tẹ́ rẹrẹ síwájú wọn láti ògiri dé ògiri. Orúkọ bíríkìlà tó ṣe é wà nígun rẹ̀, ó fi ìṣó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbẹ: DÚRÓSINMÍ, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù.

"Wọ́n ti bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pẹ̀lú," ni Dókítà wí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo símẹ́ǹtì bí ẹni ń wo ibojì.

Ìyá Sàláúdéènì jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì mú. "Wọ́n ní ẹgbẹ́ aláàánú kan ló ń ṣe é fún arúgbó, kí ẹsẹ̀ má baà rì nínú ẹrẹ̀. Ṣé mo pè wọ́n? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo jáde lọ kí èèyàn, kí n tó dé wọ́n ti dà á tán."

Ìwọ̀nba erùpẹ̀ díẹ̀ yọ létí símẹ́ǹtì náà. Hassanat bẹ̀rẹ̀, ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀pá ìyá arúgbó bá a lẹ́yìn ọwọ́.

"Dà á sílẹ̀."

"Díẹ̀ ni, Ìyá."

"Díẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń jẹ́. Dà á sílẹ̀, ọmọ Àlájì Rájí. Bàbá ẹ ò kọ́ ẹ báyẹn."

Hassanat dà á sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ jáde, ìyá náà dá wọn dúró lẹ́nu ìloro. Ó ní kí wọ́n gbọn ẹsẹ̀ wọn dáadáa kí wọ́n tó lọ. Dókítà gbọn tirẹ̀ láìmọ ìdí. Hassanat gbọn tirẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra ibi tí ọ̀pá ti bà á.

Ó pe Dúrósinmí lórí fóònù. Bíríkìlà náà kò fi nǹkan pamọ́, kò mọ̀ pé nǹkan wà láti fi pamọ́. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Oṣòdì ló gbé iṣẹ́ náà fún òun.

Ọ́fíìsì Kúdẹ̀fù tutù bí inú fíríìjì. Ọkùnrin náà dìde kí Hassanat, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Ọkùnrin tó mọ èèyàn kí ni, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kì í sì í dé ojú.

"Ọ̀rọ̀ Abọ́sẹ̀dé dùn mí. Ikú àbúrò ẹ̀ ló dà á lórí rú."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, níbo lẹ ti rí erùpẹ̀ tiyín?"

"Ó wà nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀." Ó ti ẹ̀dà kan sí i lórí tábìlì. "Èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ẹ, lóṣù kìíní ọdún yìí, lẹ́yìn ilé ìyá arúgbó kan ní Ìsọlọ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rántí pé eṣinṣin pọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ tún wá da símẹ́ǹtì sí i?"

"Àánú ni mo ṣe. Ṣé àánú ti di ẹ̀ṣẹ̀?" Ó rọra tẹ̀ síwájú. "Màdáámù Hassanat, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo mọ àwọn tó wà lókè. Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí iṣẹ́ ṣe mọ́ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ yìí."

"Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, sà. Ìdí tí mo fi fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wò ó, mo ṣì ń ṣiṣẹ́." Ó mu omi rẹ̀ tán, nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì mú ẹ̀dà ìwé náà dání.

Inú kẹ̀kẹ́ Máruwá tó ń gbé e padà sí Ìsọlọ̀ ló ti ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ olè, ó mọ ọ̀nà tó gbà. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó lè fi hàn wà lábẹ́ símẹ́ǹtì. Kúdẹ̀fù ní òun gbẹ́ ẹ, Dókítà ní wọ́n fún òun, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè. Ta ni ìgbìmọ̀ máa gbà gbọ́? Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sì ń ta á. Ó rántí ìyá bàbá rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí àlejò jáde nílé láìgbọn ẹsẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ní erùpẹ̀ ilé rẹ lọ́wọ́, ó ní ọ lọ́wọ́. Ibi ọmọ gbogbo ìdílé, inú ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń sin ín sí. Àgbàlagbà ọmọ Ìsọlọ̀ wo ló máa bu irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀?

Hassanat ní kí onímáruwá dúró.

Obìnrin tó fi ọ̀pá gbá òun lọ́wọ́ nítorí ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan, báwo ló ṣe fún Tiwaladé ní odidi ọ̀rá kan?

Ìyá Sàláúdéènì ń jẹ orógbó nígbà tó dé. Hassanat kúnlẹ̀, kò sọ̀rọ̀ símẹ́ǹtì rárá.

"Ìyá, erùpẹ̀ tẹ́ ẹ fún ọmọ Dókítà ní ọjọ́sí, níbo lẹ ti bù ú?"

Ìyá náà jẹ orógbó rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ọ̀pá yín ni."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ kí ẹ̀rín náà tó tán. "Ọmọ náà mọ èèyàn kí, mi ò fẹ́ dójú tì í. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí mo sin ibi ọmọ méje sí, kí n bù ú sínú ọ̀rá fún ẹni tí mi ò mọ ilé ẹ̀? Mo ní kí ó padà wá lọ́la. Mo lọ sí Èjìgbò, níbi tí ìyàwó Sàláúdéènì ti ń fún gàrí, mo bu erùpẹ̀ sí i níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni omi ẹ̀gẹ́ fi ń rin ilẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó sin nǹkan síbẹ̀."

"Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́?"

"Ọmọ náà ní kí n sọ ibi tó ti wá gan-an. Mo ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé yìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò hù níbẹ̀ rí."

Hassanat dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Nígbà tó dìde, ẹ̀rín ń pa á.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni òun, Dókítà àti Tiwaladé ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Èjìgbò, lẹ́bàá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ gàrí. Ilẹ̀ náà dúdú, ó ń rùn kíkan. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Dókítà fi ń ṣọ́ abọ́ tuntun. Àwọn ìgbà kan wà tí ó gbà pé kò ní hù. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó pe Hassanat kùtùkùtù, kò kí i, kò sọ orúkọ.

"Ó ń rùn bí àkọ́rọ̀ òjò," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Gbọ̀ngàn kan ní Oṣòdì ni ìgbìmọ̀ jókòó sí. Kúdẹ̀fù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tó kàn wọ́n, Dókítà ní kí wọ́n jẹ́ kí Hassanat bi Kúdẹ̀fù ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbẹ́ ẹ níbẹ̀?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni. Mo ti fọwọ́ sí i."

"Lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

"Lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìbéèrè kejì nìyẹn, Màdáámù."

"Ẹ má bínú, sà." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Dúrósinmí, wọlé. Ìwọ lo tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Kí lo hú kúrò kó o tó da símẹ́ǹtì?"

Bíríkìlà náà ń fún fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Ilé adìyẹ àtijọ́ kan ni, mà. Kò sí nǹkan mìíràn. Ilẹ̀ yẹn le bí àpáta."

"Kùkùté ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, mà."

Hassanat gbé ìwé Dókítà síwájú alága, ó gbé ẹ̀dà ìwé Kúdẹ̀fù tì í. "Irọ́ kan wà nínú ìwé Dókítà, kò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyá arúgbó kan ló pa á fún un láti dáàbò bo ilẹ̀ rẹ̀. Irọ́ kan náà ló wà nínú ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó tún fi kún un pé ọwọ́ òun lòun fi gbẹ́ ẹ. Èèyàn lè gbẹ́ erùpẹ̀ níbi tó wù ú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ ìdí igi tí kò sí. Inú ìwé yìí nìkan ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ti hù, ibẹ̀ ló sì ti jí i."

Dókítà Abọ́sẹ̀dé ṣí abọ́ rẹ̀. Ó sọ ibi tí erùpẹ̀ náà ti wá gan-an, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ bù ú lọ, ilẹ̀ ìtẹ̀gàrí kò ní géètì. Kúdẹ̀fù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ jọ. Àwọn ọlọ́pàá méjì tí Hassanat ti bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

Alága bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó wo Ìyá Sàláúdéènì tó jókòó sí ìlà iwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè ìdí tí kò fi fún wọn ní erùpẹ̀ ilé rẹ̀ gan-an, nígbà tó jẹ́ pé oògùn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

"Mo mọ̀ pé oògùn ni," ni ìyá náà wí. "Ọmọ yẹn ṣàlàyé fún mi, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n mo ní, ta ló mọ ọwọ́ tí ọ̀rá yẹn máa bọ́ sí?" Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí Kúdẹ̀fù. "Ẹ wò ó. Ṣé mo ṣì í?"

Àwọn ọlọ́pàá ti dé ẹ̀gbẹ́ Kúdẹ̀fù, wọ́n ń mú un kọjá níwájú ìlà àkọ́kọ́. Ìyá arúgbó náà na ọ̀pá rẹ̀ sọ́nà, gbogbo wọn sì dúró.

"Símẹ́ǹtì rẹ ń bẹ lẹ́yìn ilé mi," ló sọ fún un. "Ọjọ́ tí wọ́n bá tú ọ sílẹ̀, wá fọ́ ọ kúrò. Tó o bá sì ń lọ, gbọn ẹsẹ̀ rẹ."